Ẹ jọ̀ọ́, abẹ́rẹ́ jíìnì tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ yẹn, ṣé ká ta ilẹ̀ sí i?

IyaAyo_Ode: Ẹ kú ilé o. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́fà, tó bá jókòó sílẹ̀ tó fẹ́ dìde, á kọ́kọ́ dojú bolẹ̀, á fọwọ́ tẹ ilẹ̀, á wá máa fọwọ́ gun ẹsẹ̀ ara ẹ̀ bí ẹni ń gun ọ̀pẹ, orúnkún, itan, títí á fi nàró. Ẹ̀yìn ojúgun ẹ̀ wú, ó le gbagidi, a tiẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bọ́ọ̀lù lọmọ yìí máa gbá jẹun, àṣé àìsàn ni. Ọsibítù tá a kọ́kọ́ lọ ní kò sí nǹkan kan, pé ó ń dàgbà ni, ọdún kan gbáko! Dọ́kítà míì ló yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò tó ní Duchenne ni, àìsàn tó ń jẹ iṣan ọmọkùnrin run díẹ̀díẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà ní abẹ́rẹ́ kan wà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gún un. Bàbá ẹ̀ ní plọ́ọ̀tì kan lọ́nà Ẹ̀pẹ́, ó ní òun máa tà á. Àwọn ará ilé ọkọ mi sì ń sọ pé ìdílé wa ni mo ti gbé e wá. Orí mi ti dàrú.

Fisio_Remo: Ìyá Ayọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Iṣẹ́ físíò ni mo ń ṣe, Ṣàgámù níbí. Ẹ má tíì ta nǹkan kan. Àbúrò yín ò purọ́, Elevidys lorúkọ ẹ̀, 2023 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà, àmọ́ mílíọ̀nù 3.2 dọ́là ni wọ́n ń tà á, plọ́ọ̀tì kan ò lè san owó sírínjì ẹ̀. Kì í sì í ṣe pé ó ń wo àìsàn yẹn tán o. Dystrophin ni nǹkan tó ń di iṣan mú kó má fà ya tá a bá ń lò ó, òun gan-an ni ò sí lára Ayọ̀. Jíìnì tó ń ṣe é, ìyẹn àkọsílẹ̀ inú ara tó ń sọ bí ara á ṣe ṣe é, wà lára àwọn tó gùn jù lára èèyàn, abala 79 ló ní. Fáírọ́ọ̀sì tí ò lè ṣèèyàn ní àìsàn ni wọ́n fi ń gbé jíìnì wọnú ara, kò sì lè gbé ju bíi lẹ́tà 4,700 lọ, bẹ́ẹ̀ ti dystrophin lé ní 11,000. Ẹrù tírélà lẹ fẹ́ fi kọ̀rọ̀pẹ́ kó wá láti Èkó yẹn! Ni wọ́n bá gé e kúrú, wọ́n mú ibi tó ṣe kókó, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára àwọn ọmọ ọdún 4 sí 7, lẹ́yìn ọdún kan, máàkì ìrìn wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tàwọn tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ òfìfo, èyí tí ò ní oògùn nínú. Ní 2025 àwọn ọmọkùnrin méjì tí ò lè rìn mọ́ gbà á, ẹ̀dọ̀ wọn daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n kú. Àwọn tó ṣì ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn nìkan ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún báyìí. Ẹni tí wọ́n bá sì ti gún, kò ṣeé tún gún, torí ara ti dá fáírọ́ọ̀sì yẹn mọ̀.

Oríṣi oògùn míì wà tó máa ń fo abala tó ń dí jíìnì lọ́nà, bí ẹni fo ojú ewé tó ti bàjẹ́ kó lè ka ìwé lọ. Ọ̀kan nínú wọn, Eteplirsen, ti wà láti 2016, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fà á sára, àmọ́ nǹkan bí ọmọ 13 nínú 100 ló bá mu. Ìdí nìyẹn tí tẹ́ẹ̀sì jíìnì fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wáyé, kẹ́ ẹ mọ abala tó sọnù.

BabaTobi_Igbo: Tobi tèmi ti pé mẹ́sàn-án. Ojúde Ọba tó kọjá, èjìká mi ló ti wo àwọn ẹlẹ́ṣin, wọ́n ní mo ń kẹ́ ẹ bà jẹ́, mi ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Prednisolone ló ń lò, ó jẹ́ kó ṣì máa rìn, àmọ́ ojú ẹ̀ wú, ebi ẹ̀ ò sì ṣeé sọ, tí ìyá ẹ̀ bá ro ìkọ́kọrẹ́ àfi ká gbé ìkòkò pamọ́. Ẹ má jáwọ́ oògùn yẹn lójijì láéláé o, ó léwu. Alaalẹ́ ni mò ń na ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ lórí ẹní, lọ́dọọdún wọ́n ń wo ọkàn ẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ẹ tètè sọ fún ẹni tó ń fún wọn lóògùn oorun pé Duchenne ni, oògùn kan wà tí wọn ò gbọ́dọ̀ gún un.

Ọ̀rọ̀ ará ilé ọkọ yẹn, wọ́n sọ ọ́ nílé tiwa náà. Òótọ́ ni pé ọ̀dọ̀ ìyá ló sábà ń gbà wá, àmọ́ tó bá jẹ́ ọmọ mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn, ara ọmọ fúnra ẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ìyá ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Tó bá tiẹ̀ wá látọ̀dọ̀ ìyá, ṣé ó lọ rà á lọ́jà ni?

Alagbo_Ijebu: Ẹ wá bá mi, mo ní àgbo iṣan, ọjọ́ 21, ọmọ á sáré.

BabaTobi_Igbo: Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé àgbo yín jókòó jàre.

IyaAyo_Ode: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti pe bàbá ẹ̀, ilẹ̀ á ṣì dúró ná. Tẹ́ẹ̀sì yẹn, ẹ̀jẹ̀ ni àbí wọ́n máa gé ẹran ara ẹ̀?

Fisio_Remo: Ẹ̀jẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ ìgbà wọn kì í gé nǹkan kan. Ẹ bi wọ́n bóyá kẹ́yin náà ṣe é, pàápàá tẹ́ ẹ bá ní àbúrò obìnrin tí ò tíì bímọ.