Ṣé kí kọ́lẹ́ẹ̀jì wa bẹ̀rẹ̀ dìgírì Business Admin?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Tíṣà ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Wọ́n fi mí sí ìgbìmọ̀ tí yóò sọ bóyá ká bẹ̀rẹ̀ dìgírì Business Admin. Àwọn tó ń wá gba NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ti ń dín kù, yunifásítì ni kálukú ń lé. Wọ́n ní ká so mọ́ yunifásítì kan, kí ìwé ẹ̀rí máa jáde lórúkọ wọn. A ti ń kọ́ Business Education, ẹ̀kọ́ àwọn tó máa di olùkọ́ iṣẹ́ òwò, fún NCE, ṣùgbọ́n ẹni méjì péré ló ní PhD láàárín wa. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ká gbowó lọ́wọ́ òbí, ká má rí nǹkan gidi fún ọmọ wọn. Kí ni kí n wò kí n tó fọwọ́ sí i?

Bàbá Olùkọ́ (ti fẹ̀yìn tì ní yunifásítì): Ọmọ mi, ka olùkọ́ kó o tó ka akẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ kan sí akẹ́kọ̀ọ́ 30 ni NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì, ń fẹ́ fún irú ẹ̀kọ́ yìí. Bẹ́ ẹ bá ń gba ọmọ 100 lọ́dún, wọ́n á di 400 lọ́dún kẹrin. Olùkọ́ 14 nìyẹn, wọ́n á sì tún béèrè ọ̀jọ̀gbọ́n àti olùkọ́ àgbà láàárín wọn. Ìfọwọ́sí pípé tí NUC ń fún ẹ̀kọ́ kan, ọdún 5 ni. Ti onígbà díẹ̀, ọdún 2. Wọ́n sì lè má fún yín rárá. Níbo lọmọ tó ti dé ọdún kẹta fẹ́ gbà?

Ìyá Ìbejì, ọjà Òṣogbo: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi obìnrin gba dìgírì yìí. Ṣọ́ọ̀bù mi ló ti wá mọ bí wọ́n ṣe ń yọ èrè kúrò lára owó ọjà. Ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn aláró àtàwọn tó ń ta àdìrẹ, kí wọ́n jókòó ti ìwé gbèsè. Ó ń dùn mí gan-an pé kò kọ́ ọ níléèwé.

Ọ̀dọ́ Lẹ́kíṣọ̀: Òótọ́ ni Màmá sọ, ó sì ṣeé ṣe. Nínú ètò ẹ̀kọ́ tí NUC gbé jáde lọ́dún 2022, CCMAS, ìdá 30 nínú 100 wà lọ́wọ́ yunifásítì kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ọjà sí. Àmọ́ yunifásítì tẹ́ ẹ bá so mọ́ ló ni àṣẹ náà, nítorí náà ẹ jẹ́ kó wọnú ìwé àdéhùn. Èmi ò tiẹ̀ gbà pé Business Admin ló kàn. Ẹ gbé Business Education tẹ́ ẹ ti ní dé dìgírì. Àwọn tó bá parí NCE lọ́dọ̀ yín á gba Direct Entry wọ 200 level, ìyẹn ọdún kejì tààrà, ọmọ tẹ́ ẹ ti mọ̀ ni.

Tíṣà tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá, Màmá, àbúrò mi. Business Education ni màá gbé síwájú ìgbìmọ̀. Èló ló bójú mu kí yunifásítì máa gbà nínú owó ilé ìwé?

Bàbá Olùkọ́: Má tíì dé ibi owó. Kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá Business Education tiwọn fúnra wọn ti gba ìfọwọ́sí pípé. Bí ò bá tíì gbà á, ẹ wá yunifásítì mìíràn.