Kọ̀ǹpútà bàbá mi n'Íbàdàn ń ṣàdédé kú, ẹ gbà mí o

Ọmọ Bódìjà, Houston
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Ta ló mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà orí tábìlì níbí? Mo to ọ̀kan fún bàbá mi lọ́dún tó kọjá, mo dì í mọ́ ẹrù, ó dé Bódìjà láìfọ́. Ìtàn ìdílé wa ni wọ́n fi ń kọ. Láti bí oṣù kan báyìí, ṣe ló ń ṣàdédé kú. Kò ní kọ nǹkan kan sójú, kò ní kùn, á kàn ṣókùnkùn bí ìgbà téèyàn fẹ́ àbẹ́là pa. Nígbà míì á tún ara ẹ̀ tàn. Odindi orí kan ti ṣòfò nínú ìwé yẹn, Bàbá sì ti ń sọ ọ́ káàkiri pé àlòkù ni mo fi ránṣẹ́. Ẹni tí wọ́n gbé e lọ bá ní power supply, àpótí inú ẹ̀ tó ń gba iná ògiri tó sì ń pín in fún un, ti bàjẹ́. A ra tuntun. Ọjọ́ kẹta, ó tún kú.

Ẹ̀gbọ́n Manchester
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Má tíì ná kọ́bọ̀ mìíràn. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun níbí nìyẹn.

Irú ikú tó ń kú ni ká kọ́kọ́ mọ̀. Bí ojú ẹ̀ bá di búlúù tí ọ̀rọ̀ sì kún ibẹ̀, Windows fúnra ẹ̀ ló rí ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bó bá gan, tí àwòrán dúró sójú kan tí máòsì ò sì lọ, mo máa kọ́kọ́ fura sí RAM, ìyẹn ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tàbí ooru. Ẹ ṣí i, ẹ gbá eruku ọyẹ́ kúrò lára fáànù. Ṣùgbọ́n èyí tó kú fin-ín bí àbẹ́là, iná ló já a jù sílẹ̀.

Ní kí ẹnì kan ṣí Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí, kó wo Windows Logs, kó wo System. Ó máa bá Kernel-Power 41 níbẹ̀. Kó má fi nọ́ńbà yẹn dẹ́rù bà yín o. Ohun tí 41 ń wí kò ju pé "mo jí, mo rí i pé n ò sùn bó ṣe yẹ". Kò mọ ẹni tó pa á. Ẹ tẹ Details, kí ẹ wo BugcheckCode. Bó bá jẹ́ 0, Windows ò ráyè kọ nǹkan kan sílẹ̀ kó tó kú. Bí kì í bá ṣe 0, ẹjọ́ míì nìyẹn, ká gbé MemTest86, tó ń dán RAM wò, sí i kó ṣiṣẹ́ mọ́jú.

Lẹ́yìn náà, bẹ Bàbá kí wọ́n fi ìwé àti bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá kú: aago mélòó ni, kí ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́.

Màmá Ìbejì, Toronto
Stabilizer ni o! Ṣé ẹ ti gbàgbé bí iná ṣe máa ń rẹlẹ̀ nírọ̀lẹ́ ni? Gílóòbù á pọ́n bí ẹ̀yin iná. Ẹ ra stabilizer, kí Bàbá sinmi.

Ẹ̀gbọ́n Manchester
Ẹ ṣé mà. Stabilizer dára, n ò bá yín jiyàn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ power supply òde òní, 100–240 volt ni wọ́n kọ sí i lára. 160 ò ní kó máa kú báyìí. Ti àtijọ́ tó ní bọ́tìnnì pupa kékeré lẹ́yìn, 115 tàbí 230, òun ló léwu. Ẹni tó gbé irú ẹ̀ wálé láti Amẹ́ríkà tí kò yí i sí 230 kó tó kì í bọ ògiri, ariwo ló máa gbọ́, èéfín á sì tẹ̀ lé e. Àbúrò, ka ohun tó wà lára tiyín fún mi.

Ọmọ Mọ́kọ́lá, Berlin
Ṣé inverter wà nílé? Tiwa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí iná bá lọ tí inverter sì gbà á, tẹlifíṣọ̀n ò ní mira, kọ̀ǹpútà á ti kú.

Ẹ̀gbọ́n Manchester
Òótọ́ ni. Bí iná bá já, ohun tó kù nínú power supply lè má gbé e ju bí ìdá mẹ́rìndínlógún nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Inverter tó bá lọ́ra ju ìyẹn lọ, ó ti pẹ́ jù. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tú àpótí power supply fúnra ẹ̀ wò. Ó lé ní 300 volt tó ń sá pamọ́ síbẹ̀, kódà lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ wáyà.

Ọmọ Bódìjà, Houston
Ẹ̀gbọ́n, a kò ní inverter. 100–240 ló wà lára ẹ̀. BugcheckCode, 0 ni. Àbúrò mi tó ń kọ́ ẹ̀rọ iná ní UI lọ yá mítà ní Agbowó. Aago méjì ọ̀sán, ògiri fún wa ní 221 volt. Aago mẹ́jọ alẹ́, 168. Ó wọn wáyà aláwọ̀ ìyeyè tó ti inú power supply wá, tó yẹ kó jẹ́ 12 volt, ó fún un ní 12.1. Pupa, tó yẹ kó jẹ́ 5, 5.03.

Ẹ wá wo ìwé Bàbá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n fi rúlà fa ìlà sí i:

"Monday, 7:40 alẹ́. Mo ń kọ̀wé. Iná wà. Mo na ẹsẹ̀. Ó kú."
"Tuesday, ọ̀sán. Kò kú."
"Tuesday, 8:15 alẹ́. Ìyá wọn pè mí wá jẹun. Mo dìde. Ó kú."

Ẹ̀gbọ́n Manchester
Pupa àti ìyeyè pé pérépéré. Ìyeyè ò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 11.4 lọ, kò sì gbọdọ̀ ga ju 12.6. Power supply ò mọwọ́mẹsẹ̀. Mo sì lè búra pé èyí tí ẹ kọ́kọ́ jù nù ò ṣe nǹkan kan.

"Mo na ẹsẹ̀." Kí ló wà lábẹ́ tábìlì yẹn? Wáyà wo lo fi ránṣẹ́?

Ọmọ Bódìjà, Houston
Yéè! Wáyà Amẹ́ríkà ni. Àdápítọ̀ kékeré kan ni mo rà sí i kó lè wọ ògiri.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wọ́n lórí fídíò ni. Àbúrò mi wọ abẹ́ tábìlì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ìdí àdápítọ̀ yẹn ti pọ́n bí èèpo búrẹ́dì, ihò ẹ̀ kan ti fẹ̀ ju èkejì lọ. Ó fi ìka kan ṣoṣo ti wáyà, mo gbọ́ "tsss" dé Houston níbí. Kọ̀ǹpútà kú. Bàbá ní, "Àbí ẹ ò rí i!"

Ẹ̀gbọ́n Manchester
Wọ́n pààrọ̀ power supply, wọ́n tún fi wáyà kan náà tàn án. Ìyẹn ló ń bí mi nínú.

Ìdí tó fi jẹ́ alẹ́ nìyí. Iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe ò yí padà, nítorí náà bí volt bá ti ń wálẹ̀, amp, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń gba wáyà kọjá, ló ń gòkè. Bó bá ń jẹ 300 watt, ní 221 volt ó ń fa bí 1.4 amp, ní 168, ó sún mọ́ 1.8. Ihò àdápítọ̀ tó ti dẹ̀ tẹ́lẹ̀ á gbóná sí i, á jó sí i, á tún dẹ̀ sí i.

Ẹ ju àdápítọ̀ yẹn nù lónìí, kó tó jó ilé. Ẹ ra wáyà tó ní orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ní fíúsì nínú. Ìdí kejì wáyà náà tó wọ kọ̀ǹpútà, bákan náà ni l'Amẹ́ríkà àti n'Íbàdàn. Bí ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri bá ti jó, kí rẹ́wáyà pààrọ̀ òun náà.

Màmá Ìbejì, Toronto
Ẹ̀gbọ́n, mo ti di máíkrówéfù sínú ẹrù tó ń lọ sílé. Ṣé èmi náà ò ní ra àdápítọ̀?

Ẹ̀gbọ́n Manchester
Ẹ tú u jáde mà. 120 volt nìkan ló máa wà lára tiyín. Orí lásán ni àdápítọ̀ ń yí, kì í yí iná.

Ọmọ Bódìjà, Houston
Wáyà tuntun ti wọlé. Àbúrò mi ya ojú ìwé Bàbá ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí:

"Sunday, 9:05 alẹ́. Iná rẹlẹ̀. Mo na ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò kú."