Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì wa kì í wá sí ìpàdé ẹ̀kọ́ mọ́

Olórí Rẹ́sídẹ́ǹtì
Ẹ̀yin ọ̀gá mi àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìmọ̀ ìṣègùn ẹbí, mo kí yín o. Èmi ni olórí àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì, ìyẹn àwọn dókítà tí ń kọ́ṣẹ́ láti di amọ̀ṣẹ́dunjú, ní ẹ̀ka wa ní ilé ìwòsàn kan ní Èkìtì níbí, ọ̀ràn ìpàdé ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ sì ti sú mi pátápátá. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́, èmi ni mo ń yan ẹni tí yóò sọ̀rọ̀, èmi ni mo ń wá ẹ̀rọ tí ń gbé àwòrán sára ògiri, èmi náà ni mo sì ń bá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn wà lọ́wọ́ rẹ̀ jà, nítorí ó máa ń sọ pé ẹnikẹ́ni kò fi tó òun létí. Àpò mi ni owó epo jẹnẹrétọ̀ ti ń jáde. Síbẹ̀, bí aago mẹ́jọ bá lù, ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ni yóò jókòó, ọ̀kan nínú wọn á sì máa tẹ fóònù. Ẹni tí ó kàn láti sọ̀rọ̀ á fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lóru pé òun wà lórí kọ́ọ̀lù, ìyẹn iṣẹ́ òru. Mo fi ìtanràn náírà 1,000 lé ẹni tí kò bá wá. Wọ́n ń san án, wọn kò sì wá. Kí ni mo lè ṣe fún àwọn tí kò mọ iyì ẹ̀kọ́, tí wọn yóò tún máa ráhùn bí èsì ìdánwò bá jáde láti Ìjànìkin, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ń dán wa wò?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́
Ẹ kú ìdààmú, ọ̀gá mi. Ẹ kò sọ ọjọ́ tí ìpàdé náà ń bọ́ sí, ẹ kò sì sọ iye rẹ́sídẹ́ǹtì tí ẹ ní àti iye tí ó wà lẹ́nu ìyípo, ìyẹn tí wọ́n rán lọ kọ́ṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní ẹ̀ka mìíràn. Ó ṣòro láti dáhùn láìmọ ìwọ̀nyí.

Àgbà Oníṣègùn
Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò fẹ́ jìyà. Nígbà tí èmi ń kọ́ṣẹ́, tí wọ́n ṣì ń pe ẹ̀ka wa ní General Medical Practice, a máa ń ti orí kọ́ọ̀lù lọ tààrà sí ìpàdé láì tíì bọ́jú, ọ̀gá wa á sì bi wá ní ìbéèrè títí òógùn yóò fi bò wá. Ẹnì kan pẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀gá ní kí ó dúró lórí ìdúró títí ìpàdé fi parí. Ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n báyìí. Àmọ́ ṣá, àbúrò, èmi kò fara mọ́ owó ìtanràn. Ẹni tí ó bá ti sanwó ti ra àyè àìwá nìyẹn.

Olórí Rẹ́sídẹ́ǹtì
Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi. Ọjọ́ Ajé ni, láti aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án àárọ̀, kí a lè parí rẹ̀ kí iṣẹ́ tó wọ̀ wá lọ́rùn. Lórí ìtanràn, bí kò bá sí i, kódà àwọn méjì tó ń wá yìí kò ní wá.

Ìyá Ìbejì, Ìjerò
Ọjọ́ Ajé kẹ̀? Ọjọ́ tí gbogbo ẹni tí ara rẹ̀ kò yá láti Ọjọ́ Ẹtì yóò dé lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọn aláìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ti ń tò fún káàdì láti ìdájí! Bí dókítà bá jókòó sí gbọ̀ngàn ní aago mẹ́jọ, nọ́ọ̀sì á wá fa á jáde. Ní ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́, a gbé tiwa lọ sí ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, olórí ẹ̀ka wa sì kọ lẹ́tà sí àwọn olórí ẹ̀ka ọmọdé, ti aboyún àti ti iṣẹ́ abẹ pé kí wọ́n máa tú àwọn ọmọ wa sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta náà. Lẹ́tà yẹn ni ó ṣe iṣẹ́ ju gbogbo ìbínú wa lọ. Olórí rẹ́sídẹ́ǹtì kò lè kọ ọ́ fúnra rẹ̀, nítorí kọ́nsọ́táǹtì kan, ìyẹn dókítà àgbà tó ti di amọ̀ṣẹ́dunjú, kò ní tẹ̀ lé àṣẹ rẹ̀.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́
Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Ẹ yí ọjọ́ náà padà. Ní ti epo jẹnẹrétọ̀, ṣebí òfin ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ́sídẹ́ǹtì ti ọdún 2017 ti ní owó tirẹ̀?

Dókítà Ọ̀yẹ́
Owó ìdánwò àti owó ẹ̀kọ́ ìmúra ni rẹ́sídẹ́ǹtì ń fi owó yẹn san, nígbà tí ó bá dé. Ta ni yóò mú un ra epo? Owó ìjọba kì í tètè dé ọ̀dọ̀ wa.

Olórí Rẹ́sídẹ́ǹtì
Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yíyí ọjọ́ padà kò ṣeé ṣe, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má tún un sọ mọ́.

Ìyá Ìbejì, Ìjerò
Kí ló dé tí kò fi ṣeé ṣe?

Olórí Rẹ́sídẹ́ǹtì
Kọ́nsọ́táǹtì kan ṣoṣo ni ó kù sí ẹ̀ka wa. Méjì ti rìnrìn àjò sí òkè òkun, ẹni tí ó kù sì ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní àwọn ọjọ́ yòókù, nítorí náà Ọjọ́ Ajé nìkan ni ó lè jókòó tì wá. Rẹ́sídẹ́ǹtì mẹ́sàn-án ni a jẹ́: mẹ́rin wà ní ẹ̀ka ọmọdé àti ti aboyún, méjì sì wà ní ilé ìwòsàn ìgbèríko fún ìyípo tiwọn.

Dókítà Ọ̀yẹ́
Nígbà náà, ẹni mẹ́ta péré ni ó wà ní ẹ̀ka yín, àwọn mẹ́ta náà ni ẹ sì ń rí. Gbogbo ẹni tí ó lè wá ti ń wá! Ẹ̀yin ń bu ìtanràn fún ẹni tí ó wà ní ìlú mìíràn.

Ìyá Ìbejì, Ìjerò
Ẹ ò bá ti sọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò di dandan kí kọ́nsọ́táǹtì yín jókòó ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó máa darí ìjíròrò ikú aláìsàn àti àyẹ̀wò ìwé ìwádìí lẹ́ẹ̀kan lóṣù ní Ọjọ́ Ajé yẹn; kí ẹ gbé ìyókù lọ sí ọ̀sán ọjọ́ mìíràn, kí ẹ sì pe kọ́nsọ́táǹtì ẹ̀ka ọpọlọ láti kọ́ yín nípa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ti awọ ara láti sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ẹ ń rí lójoojúmọ́. Ẹ to àkòrí sí oṣù 18, kí ẹ sì tún un bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹni tí ó bá pàdánù ọ̀kan nítorí ìyípo lè bá a pàdé lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tó jókòó fún ìdánwò. Ohun tí ó jẹ́ tiwa nìkan ni kí ẹ má fi ṣeré: yíya genogram, ìyẹn àwòrán ìdílé tí ń fi ìbátan àti àìsàn wọn hàn, àti àwọn ìbéèrè márùn-ún inú Family APGAR tí Smilkstein gbé jáde ní 1978 láti fi wo bí ẹbí ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́, nítorí ẹ̀ka mìíràn kò ní kọ́ yín.

Dókítà Ọ̀yẹ́
Àwọn méjì tó wà ní ìgbèríko lè wọlé láti orí Zoom. Ẹ tilẹ̀ lè darapọ̀ mọ́ àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ ní Ọ̀wọ̀ tàbí Ilé-Ifẹ̀, pàápàá lórí ibà Lassa, nítorí àwọn ará Ọ̀wọ̀ ti rí púpọ̀ nínú rẹ̀.

Àgbà Oníṣègùn
Èmi kò gbà pé Zoom jẹ́ ẹ̀kọ́. Ẹni tí o kò rí ojú rẹ̀, báwo ni o ṣe mọ̀ pé kò tíì sùn?

Dókítà Ọ̀yẹ́
Ọ̀gá mi, ẹ máa pe orúkọ rẹ̀ lójijì kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè, bí ọ̀gá tiyín ti ń ṣe. Oorun á dá lójú rẹ̀.

Olórí Rẹ́sídẹ́ǹtì
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà náà, màá mú un lọ fún olórí ẹ̀ka kí ó bu ọwọ́ lù ú, màá sì béèrè nípa ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní yọ ìtanràn kúrò.

Ìyá Ìbejì, Ìjerò
Ọwọ́ ta ni owó ìtanràn náà ń wọ̀?