Ìbùlà: èwo là ń dà sínú èwo?

Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá "ìsọdiṣíṣàn" gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Yorùbá fún "dilution", ìyẹn fífi omi dín agbára kẹ́míkà kù, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ògidì ásíìdì haidirokílọ́ríìkì ń ṣàn bí omi òjò, ẹ jẹ́ kó kan aṣọ yín wò ná. Ọ̀rọ̀ agbára là ń sọ, kì í ṣe ti kíki.

Bùlà ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Wọ́n ń bu omi la ẹmu. Ìbùlà ni iṣẹ́ náà, àbùlà ni ohun tó tibẹ̀ jáde, ògidì ni èyí tí omi kò tíì kàn. Ẹni tó ní àbùlà ń rùn bí èrú, ó dà bí ẹni pé kò jẹ àmàlà rí. Gbẹ̀gìrì pẹ̀lú ewédú, ta ló pè é ní jìbìtì?

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni gbólóhùn náà fúnra rẹ̀. "Bu omi la ásíìdì": létí ẹni tó gbọ́ ọ, ásíìdì ti wà nínú abọ́, omi là ń dà lé e. Ẹmu á gba bẹ́ẹ̀. Ògidì ásíìdì súfúríìkì, èyí tí àbùlà rẹ̀ wà nínú bátìrì ọkọ̀, kò ní gbà. Ó wúwo ju omi lọ dáadáa, ó tó ìlọ́po 1.84, nítorí náà omi á léfòó lórí rẹ̀, ooru á mú un hó lójú ẹsẹ̀, á sì ta síni lójú. Ásíìdì là ń rọra dà sínú omi, ká máa rò ó.

Ẹ wo aláró ní Ìtòkú níbí, l'Abẹ́òkúta, bó ṣe ń po kọ́sítíìkì sódà. Omi ló kọ́kọ́ wà nínú ike. Sódà ló ń wọ́n sí i díẹ̀díẹ̀, tó ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí èéfín, tí ike sì ń gbóná mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí ìbùlà jẹ́ orúkọ nínú ìwé atúmọ̀ èdè, mo fara mọ́ ọn. Nínú ìlànà iṣẹ́ fún ọmọ ilé-ìwé, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ gbangba: "da ásíìdì sínú omi."

Ó ku ti iye. "Bù ú là ní mẹ́wàá": ṣé ife omi 10 ni, àbí gbogbo rẹ̀ ló máa di 10? Bí bílíìṣì bá jẹ́ ìpín 5 nínú 100, tí a ń fẹ́ ìpín 0.5, ife 1 rẹ̀ pẹ̀lú ife omi 9 ni. Ẹni tó bá da omi 10 sí i, agbára rẹ̀ á dín sí ohun tí à ń wá. "Bù ú là di 10" ni mo fara mọ́, torí "di" ń sọ ibi tí a fẹ́ kó dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní kẹ́mísìrì, ṣé yóò yé ọmọ bẹ́ẹ̀?