«Ìkọsílẹ̀ aláìlẹ́gbin» kẹ̀?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Ẹni tó dábàá «ìkọsílẹ̀ aláìlẹ́gbin» lánàá gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ «garbage-free logging», ìyẹn log (ìwé tí ètò kọ̀ǹpútà ń kọ ohun tó ń ṣe sí) tí kì í fi garbage (ohun tí a lò tán nínú ìrántí kọ̀ǹpútà) kún inú Java, èdè tí a fi ń kọ ètò, ó gbìyànjú, àmọ́ n ò fara mọ́ ọn. Ẹ̀gbin a máa rùn. Garbage ti Java ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni: iṣẹ́ rẹ̀ ló parí, kò sì sẹ́ni tó di okùn rẹ̀ mú mọ́. Ewé mọ́ínmọ́ín ni. A jẹ tán, ó di pàǹtí.

Ẹ wo ìlà yìí:

log.debug("Owó tó wọlé: " + iye);

Bí a tilẹ̀ ti pa debug (log tí a fi ń wá àṣìṣe), Java á kọ́kọ́ so méjèèjì pọ̀ di String (ọ̀wọ́ lẹ́tà) tuntun, kó tó rí i pé kò sẹ́ni tó fẹ́ kà á. A já ewé, a ò se mọ́ínmọ́ín! Bí a bá fi {}, àmì tó ń di àyè mú fún iye, ṣe é, ìyẹn á dẹwọ́; síbẹ̀ bí iye bá jẹ́ int (nọ́ńbà lásán), Java ṣì lè wé e sínú Integer (nọ́ńbà tí a fi ewé wé) tuntun. Log4j 2.6, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ log nínú Java, ní 2016, wá ní kí thread (òṣìṣẹ́ inú ètò) kọ̀ọ̀kan máa tún StringBuilder (abọ́ tí a ti ń to lẹ́tà pọ̀) kan náà lò, bí abọ́ tánganran tí a ń fọ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti di méjì. Nínú ètò tó dá dúró, Log4j kì í dá pàǹtí sílẹ̀ bí iṣẹ́ bá ti wọra. Nínú web app (ètò orí ìkànnì), ó ń dá díẹ̀, torí kì í lo ThreadLocal tirẹ̀, ibi tí thread kọ̀ọ̀kan ń kó abọ́ rẹ̀ sí, níbẹ̀. Nítorí náà: «aláìnípàǹtí» fún ti àkọ́kọ́, «oníwọ̀nba pàǹtí» fún ìkejì.

Ẹ má pe garbage collector, apá Java tó ń kó pàǹtí kúrò, ní wolé-wolé o. Wolé-wolé ń yọjú wo àmù ni, kì í kó nǹkan kan. «Akópàǹtí» ló tọ́. Òun ló ń sọ fún gbogbo thread pé «ẹ gbẹ́sẹ̀ ná, mò ń gbálẹ̀», tí oníbàárà á sì máa wo ojú fóònù.

Ẹni tó pe log ní «ìtì igi», ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Igi, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní log, làwọn atukọ̀ ń jù sómi láyé àtijọ́ láti fi wọn ìyára ọkọ̀, ibẹ̀ lorúkọ ìwé wọn ti wá. Àmọ́ ti atukọ̀ nìyẹn. «Àkọsílẹ̀» tó wa, kì í ṣe «ìkọsílẹ̀»: bí àmì ohùn bá yingin lórí fóònù pẹ́nrẹ́n, ìkọ̀sílẹ̀ ni wọn yóò kà, wọn á ní Java àti aya rẹ̀ ti tú ká.