Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù tó ti nọ́ọ̀kì: ṣé kí n tún un ṣe ni, àbí kí n pààrọ̀ rẹ̀?

Olùbéèrè

Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ ọkọ̀, mo kí yín o. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ni mo ní, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì onísílíńdà mẹ́fà ló wà lára rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ la sì fi ń gbọ́ bùkátà ilé. Bí ó ti ru ẹrù tó ń gun òkè, rọ́bà ńlá tó ń gbé omi láti rédíétọ̀ bẹ́ lójijì, ẹ́ńjìnnì náà sì gbóná kọjá ààlà kí awakọ̀ tó rí ibi tó lè yà sí. Láti ìgbà náà ni ìró líle kan ti ń dún láti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, tó sì máa ń le sí i bí awakọ̀ bá tẹsẹ̀ mọ́ ọn. Géèjì tó ń fi agbára ọ́ìlì hàn ń lọ sílẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ bá dúró lójú kan, ọ́ìlì tó wà lórí ọ̀pá tí a fi ń wọ̀n ọ́n sì ti ń funfun, èyí tó fi hàn pé omi ti wọ inú rẹ̀.

Mẹkáníìkì méjì ló ti wò ó. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n má wulẹ̀ fi àkókò ṣòfò, kí n yọ ẹ́ńjìnnì náà dànù, kí n sì ra àlòkù mìíràn sí i. Mo ṣàkíyèsí pé òun fúnra rẹ̀ ní àlòkù kan nílẹ̀ tó ń wá ẹni tí yóò rà á. Ẹnì kejì ní òun yóò tú u palẹ̀, òun yóò pààrọ̀ písítìnì (irin tó ń lọ sókè sódò nínú sílíńdà), ríìngì (òrùka tó yí písítìnì ká), sílíìfù (ọ̀pọ́n irin tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀) àti bẹ́árìnì rẹ̀ (awẹ́ irin tí ọ̀pá ń yí lórí rẹ̀), yóò sì dà bí tuntun, ṣùgbọ́n kò tíì ṣí ohunkóhun wò tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ara ọkọ̀ náà ṣì le, jíà rẹ̀ dára, ṣáásì rẹ̀ kò sì ní ìpalára kankan. Kí ni mo lè fi mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì yìí ṣì tó tún ṣe, ìgbà wo sì ni pípààrọ̀ rẹ̀ di dandan?

Mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọ̀gá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan ẹ́ńjìnnì yẹn mọ́, ì báà jẹ́ láti fi ìró rẹ̀ han mẹkáníìkì mìíràn. Bí bẹ́árìnì kọ́nrọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so písítìnì mọ́ kíráńkì) bá ti ń jẹ, ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ fi tan án lè sọ kíráńkì (ọ̀pá ńlá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì) tó ṣeé lọ̀ di èyí tí kò wúlò mọ́, kọ́nrọ́ọ̀dù sì lè já, kó fọ́ búlọ́ọ̀kù (ara ẹ́ńjìnnì gan-an) jáde. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, kò sí ohun tí a tún ń bi ara wa mọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n da àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ sọ yìí pọ̀ bí ẹni pé ohun kan ṣoṣo ló fà á. Omi inú ọ́ìlì lè ti tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì (ìdè tó wà láàárín tọ́ọ̀pù sílíńdà àti búlọ́ọ̀kù) wá, ó lè jẹ́ pé tọ́ọ̀pù sílíńdà (ìdérí orí ẹ́ńjìnnì) ti sán, ó lè jẹ́ rọ́bà roboto ìdí sílíìfù ló ti bàjẹ́, ó sì lè jẹ́ ọ́ìlì kúlà (ohun tó ń mú ọ́ìlì tutù) lásán, èyí tí a lè pààrọ̀ láìfọwọ́ kan inú ẹ́ńjìnnì rárá. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti da odindi ẹ́ńjìnnì nù nítorí ọ́ìlì kúlà. Bákan náà ni ìró: nọ́súlù (ohun tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sínú sílíńdà) tó há lè dún kí ènìyàn rò pé bẹ́árìnì ló ti lọ. Lórí ẹ́ńjìnnì àtijọ́, a máa ń tú nọ́ọ̀tì páìpù nọ́súlù lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ sílíńdà tí ìró ti ń wá. Kí ẹnikẹ́ni má dán èyí wò láé lórí ẹ́ńjìnnì ìgbàlódé tó ń lo common rail (páìpù kan tó ń pín dísẹ́ẹ̀lì fún gbogbo nọ́súlù), nítorí pé agbára tí dísẹ́ẹ̀lì fi ń rìn nínú páìpù rẹ̀ lè ju 1,000 bar lọ bó bá ń ṣiṣẹ́, ó sì lè gún awọ ara wọlé. Ní tiyín, géèjì tó ń lọ sílẹ̀ yẹn mú kí n fura sí bẹ́árìnì ju nọ́súlù lọ.

Báyìí ni n óò ṣe é bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ló wà. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti sùn mọ́jú láìtan, n óò tú bóòtù ìdí sọ́ǹpù (àwo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì ń kó jọ sí) díẹ̀díẹ̀. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, èyí tí kò bá tíì pò mọ́ ọ́ìlì ni yóò kọ́kọ́ jáde. N óò gé fíítà ọ́ìlì, n óò tẹ́ bébà inú rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, n óò sì fi mágínẹ́ẹ̀tì rá a. Èyí tí mágínẹ́ẹ̀tì bá fà jẹ́ irin, ó lè ti ara kíráńkì tàbí ríìngì wá. Èyí tó ń dán, tó ní àwọ̀ bàbà, tí mágínẹ́ẹ̀tì kò sì fà, ara bẹ́árìnì ló sábà máa ń ti wá. Lẹ́yìn náà ni n óò já sọ́ǹpù bọ́ sílẹ̀, n óò pààrọ̀ rọ́bà tó bẹ́, n óò da omi kún rédíétọ̀, n óò sì fi pọ́ǹpù ọwọ́ fún afẹ́fẹ́ sí i, kí ó má ju ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìdérí rẹ̀ lọ. N óò wá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí n rí ibi tí omi ti ń kán gan-an. Bí ó bá ń kán láti ìdí sílíìfù, ẹ ti mọ̀. Bí ó bá ń gba ojú ọ̀nà ọ́ìlì wá, kúlà ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bá yín dúnàádúrà iṣẹ́ kó tó ṣe èyí.

Awakọ̀ tó di ọlọ́kọ̀

Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n ojú tí ọlọ́kọ̀ fi ń wò ó yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń tún un ṣe. Ọkọ̀ tó dúró kì í pawó, gbèsè orí rẹ̀ kì í sì í dúró dè é. Iṣẹ́ títú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ máa ń ní iye kan lọ́jọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti tú u tán ni ẹ óò máa gbọ́ pé kámúṣáfù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) ti jẹ, pé pọ́ǹpù ọ́ìlì kò dára mọ́, pé fáàfù ń jò, ẹ kò sì ní lè dá iṣẹ́ dúró torí pé ẹ́ńjìnnì ti wà nílẹ̀ ní wẹ́wẹ́. Àlòkù tó dára lè mú ọkọ̀ padà sójú ọ̀nà kí ẹni tó ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ tó rí gbogbo ẹ̀yà ara tó ń wá.

Kì í ṣe gbogbo àlòkù ló ṣeé rà o. Ẹ wá èyí tó ṣì wà lára ọkọ̀ tó ní ìjàǹbá, kí ẹ lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tan án nígbà tó tutù, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti mú gbóná kí ẹ tó dé. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí. Bí èéfín bá ń fi agbára tú jáde níbẹ̀, ríìngì rẹ̀ ti ń lọ, ẹ kọjá síwájú. Ẹ wo inú omi rẹ̀ bóyá ọ́ìlì léfòó. Ẹ ka nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì náà dáadáa, torí pé ẹ́ńjìnnì méjì lè jọra lójú kí kọ̀ǹpútà, wáyà àti nọ́súlù wọn má bára mu, ẹ óò sì tún fi nọ́ńbà tuntun náà sínú ìwé ọkọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ èyí tó wà láàárín àlòkù àti tuntun. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì máa ń gba ògbólógbòó padà, wọ́n á tú u, wọ́n á wọn gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀, wọ́n á tún un tò, wọ́n á sì tà á pẹ̀lú wọ́ráńtì. Bí ẹ bá kó tiyín fún wọn ní pàṣípààrọ̀, owó rẹ̀ máa ń dín kù, bí búlọ́ọ̀kù àti kíráńkì rẹ̀ kò bá tíì fọ́.

Ẹni tó ń lọ kíráńkì

Kíráńkì àti búlọ́ọ̀kù ni yóò dá ẹjọ́ yìí. Sílíìfù, písítìnì, ríìngì àti bẹ́árìnì, wọ́n ṣe wọ́n kí wọ́n máa jẹ kí a sì máa pààrọ̀ wọn ni. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá, sílíìfù ṣeé fà yọ nínú búlọ́ọ̀kù, bí kíráńkì kò bá sì ní nǹkan kan, a lè ṣe iṣẹ́ náà láìgbé ẹ́ńjìnnì kúrò lórí ṣáásì. Ẹni tó bá ní kí ẹ da ẹ́ńjìnnì nù nítorí písítìnì, ẹ bi í ní ohun mìíràn tó rí.

Kíráńkì tó bá ti ha, a ó fi maikirómítà wọ̀n ọ́n, a ó sì lọ̀ ọ́ wọlé ní 0.25 mm, tàbí 0.50 mm bí ọgbẹ́ náà bá jìn, a ó wá fi bẹ́árìnì tó nípọn dé ìwọ̀n náà sí i. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló ń sọ bóyá ó ṣeé lọ̀ àti ibi tí a gbọ́dọ̀ dúró, torí pé ojú kíráńkì nìkan ni wọ́n mú le, líle náà kì í sì í jìn lára àwọn kan. Bí ẹni tó ń lọ̀ ọ́ bá kọjá rẹ̀, irin rírọ̀ ni yóò kù fún bẹ́árìnì láti máa jẹ. Kí a tó lọ̀ ọ́ rárá, a gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di mágínẹ́ẹ̀tì, ká da ìyẹ̀fun irin sí i lára láti wá ibi tó sán tí ojú lásán kò lè rí, pàápàá ní igun tí ojú ibi tí bẹ́árìnì ń jókòó sí ti pàdé apá kíráńkì. Èyí tí ooru bá ti pa ojú rẹ̀ dà di aláwọ̀ búlúù, èmi kì í gbà á.

Ní ti búlọ́ọ̀kù, bí bẹ́árìnì kọ́nrọ́ọ̀dù bá ti yí nínú ilé rẹ̀, kọ́nrọ́ọ̀dù yẹn ni a ó pààrọ̀. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ìn bẹ́árìnì (èyí tí kíráńkì fi jókòó sínú búlọ́ọ̀kù) ló yí, ara búlọ́ọ̀kù gan-an ló ti jẹ, a sì ní láti fi ẹ̀rọ gbẹ́ ilé mẹ́ìn méjèèje kí wọ́n tún lè wà lórí ìlà kan. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń sọ fún ọlọ́kọ̀ pé kó lọ wá ẹ́ńjìnnì mìíràn, àyàfi bí búlọ́ọ̀kù bá ṣọ̀wọ́n.

Ẹ má gbàgbé pé ó gbóná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo tọ́ọ̀pù sílíńdà bóyá ó ti tẹ̀ tàbí ó ti sán, kí wọ́n sì wọn bí orí sílíìfù kọ̀ọ̀kan ṣe yọ sókè ojú búlọ́ọ̀kù tó. Ìdá kékeré nínú mílímítà ni, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá rì ju èkejì lọ, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun yóò tún jó.

Olùbéèrè

Mo dúpẹ́ púpọ̀. A ti já sọ́ǹpù, mẹkáníìkì kejì ló ṣe é níṣojú mi. Omi ń kán láti ìdí sílíìfù karùn-ún, ìdí ìkẹfà náà sì tutù. Ọ̀nà kúlà gbẹ. Bẹ́árìnì kọ́nrọ́ọ̀dù karùn-ún ti jẹ dé àwọ̀ bàbà, àwọn ègé dídán sì pọ̀ nínú fíítà. Bí mo bá fi èékánná rá ojú kíráńkì níbẹ̀, ó ń há sí i. A tú mẹ́ìn bẹ́árìnì méjì tó sún mọ́ ọn wò, wọn kò yí, wọn kò sì ha. Búlọ́ọ̀kù kò fọ́. Mẹkáníìkì wá ní kí a fi sáńpépà dán ojú kíráńkì náà lábẹ́ ọkọ̀, kí a fi bẹ́árìnì tuntun sí ìkarùn-ún, kí a pààrọ̀ rọ́bà sílíìfù méjèèjì, kí ọkọ̀ sì máa lọ. Ṣé ó yẹ bẹ́ẹ̀?

Mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì

Kò yẹ rárá. Ohun tí ẹ rí ti jẹ́ ká mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀: omi bọ́, sílíìfù gbóná, rọ́bà ìdí rẹ̀ bàjẹ́, omi kán sínú ọ́ìlì, ọ́ìlì sì pàdánù agbára tó fi ń gbé kíráńkì kúrò lára bẹ́árìnì. Ọgbẹ́ tí èékánná ń há sí, sáńpépà kò lè mú un kúrò kí ojú kíráńkì tún ṣe roboto. Kíráńkì gbọ́dọ̀ jáde, èyí sì túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì yóò kúrò lórí ṣáásì. Níwọ̀n ìgbà tó bá ti kúrò, ẹ pààrọ̀ rọ́bà gbogbo sílíìfù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, nítorí ooru kan náà ló kan gbogbo wọn, àti gbogbo bẹ́árìnì. Sílíìfù tí kò ní ihò wẹ́wẹ́ lẹ́yìn, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì pé, lè padà sí ààyè rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ba iṣẹ́ rere jẹ́ ni ìfọ̀mọ́. Àwọn ègé bẹ́árìnì tí ẹ rí nínú fíítà ti rìn dé inú kúlà, kò sì sí bí a ṣe lè fọ̀ ọ́ tó máa mọ́ dájú, nítorí náà ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jò. Kí wọ́n yọ àwọn ìdérí tí a fi dí ẹnu ọ̀nà ọ́ìlì inú búlọ́ọ̀kù, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì gùn ún, kí wọ́n sì yẹ tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì) wò. Àlòkù tàbí tuntun tí ẹ bá so mọ́ kúlà ògbólógbòó yẹn náà yóò jẹ irin kan náà. Kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n kọ́kọ́ fún ọ́ìlì sí i títí géèjì yóò fi gbéra.

Ẹ bi wọ́n ní ìdí tí rọ́bà rédíétọ̀ fi bẹ́ pẹ̀lú: ṣé ó ti gbó ni, àbí rédíétọ̀ ti dí, àbí tẹmosítáàtì (ohun tó ń ṣí ọ̀nà fún omi bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná) kò ṣí? Ẹ sì mọ̀ pé bí omi bá ti bọ́ tán, ojú géèjì ooru lè má gòkè mọ́, torí pé omi ni ohun tó ń wọn ooru náà gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Awakọ̀ lè máa wo géèjì tó dára nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń jóná.

Awakọ̀ tó di ọlọ́kọ̀

Pẹ̀lú ohun tí ẹ rí yìí, èmi náà yóò tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: bí kíráńkì bá kùnà lọ́dọ̀ ẹni tó ń lọ̀ ọ́, kí iṣẹ́ dúró níbẹ̀, kí ẹ fi iye kíráńkì mìíràn pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ tó kù wé iye ẹ́ńjìnnì tí ilé iṣẹ́ tún tò. Bí ìyàtọ̀ rẹ̀ kò bá pọ̀, ẹ gba èyí tó ní wọ́ráńtì. Kí wọ́n sì kó gbogbo ẹ̀yà ara tí wọ́n bá yọ fún yín.

Olùbéèrè

Bẹ́ẹ̀ gan-an la ṣe. Mẹkáníìkì ti fọwọ́ sí ìwé náà, wọ́n sì ti gbé ẹ́ńjìnnì sọ̀ kalẹ̀. Kíráńkì ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tí yóò fi mágínẹ́ẹ̀tì yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá sán, tó sì mọ́ ní 0.50 mm, a ó tún un ṣe. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, búlọ́ọ̀kù náà yóò lọ fún pàṣípààrọ̀. Àlòkù tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ ńkọ́? Mo ní kó tan án fún mi nígbà tó bá tutù, kò sì tíì dá mi lóhùn. Ní ti rédíétọ̀, ìdajì àwọn ọ̀nà omi inú rẹ̀ ló ti dí, tuntun ni a ó fi sí i, pẹ̀lú ohun tó ń mú kí agogo dún nínú ọkọ̀ bí omi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀.