Overtime àti tip lórí ìwé owó orí 2025: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ará Houston:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ilé ìtọ́jú arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Bí ẹnìkan kò bá wá, èmi ni wọ́n máa ń pè, nítorí náà overtime mi, ìyẹn owó iṣẹ́ tó lé ní wákàtí 40 lọ́sẹ̀, kì í ṣe kékeré. Láti ìgbà tí wọ́n ti fọwọ́ sí òfin owó orí tuntun ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 2025 ni wọ́n ti ń pariwo níbi iṣẹ́ pé kò sí owó orí lórí overtime mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán: apá kan rẹ̀ la lè yọ kúrò nínú owó tí wọ́n ń gba owó orí lé.

Nígbà tí W-2 mi dé, ìwé tí agbanisíṣẹ́ fi ń sọ owó tó san fúnni lọ́dún, mo yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, n kò rí overtime níbì kankan. Wọ́n ti pò ó mọ́ owó yòókù nínú àpótí 1. Ẹni tó ń bá wa ṣe ìwé owó orí ládùúgbò ní tí kò bá ti sí lórí W-2, kò sóhun tóun lè ṣe sí i. Mo ní rárá o. Mo gbé pay stub (ìwé àlàyé owó oṣù) ìparí oṣù Kejìlá kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Àròpọ̀ gbogbo ọdún wà lórí rẹ̀, OT (overtime) sì ní ìlà tirẹ̀. IRS, àwọn agbowó orí ìjọba àpapọ̀, fúnra wọn ló sọ pé fún 2025, a lè fi pay stub ṣírò rẹ̀ bí agbanisíṣẹ́ kò bá yà á sọ́tọ̀.

Ẹ fara balẹ̀ síbí. Kì í ṣe gbogbo owó overtime la ó yọ. Bí wákàtí kan bá jẹ́ $20, tí ti overtime jẹ́ $30, $10 tó lé yẹn nìkan ni. Bí ìlà OT bá jẹ́ $9,000, ẹ pín in sí mẹ́ta, $3,000 lẹ ó kọ sínú Schedule 1-A, fọ́ọ̀mù tí a fi ń yọ ọ́. Ibi tí wọ́n bá ti ń san ìlọ́po méjì, ẹ pín in sí mẹ́rin, torí ìdajì owó wákàtí nìkan ni òfin kà. Owó ìlọ́po kan àbọ̀ tí mo gbà lọ́jọ́ Kérésìmesì kò wọ̀ ọ́, torí n kò ṣe ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀ yẹn. Iye tó pọ̀ jù téèyàn lè yọ ni $12,500. Social Security (owó ìfẹ̀yìntì) àti Medicare (ìtọ́jú ìlera àgbàlagbà) ṣì ń gba tiwọn lórí gbogbo rẹ̀.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ń dùn mí jù ni àwọn obìnrin wa tó ń ṣe ìtọ́jú nílé onílé, tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń fún ní 1099, ìwé ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, dípò W-2. Wọ́n ń gbé aláìsàn, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọn kì í sùn, ẹnikẹ́ni kò sì san overtime fún wọn. Kí ni wọ́n fẹ́ yọ?

Ará Baltimore:
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Tip, owó ọpẹ́ tí oníbàárà ń fún wa, ni tèmi, ilé oúnjẹ ni mo ti ń gbé àwo. Ìwé kékeré kan wà nínú àpò ẹ́púrọ́ọ̀nù mi: ọjọ́, tip orí káàdì, tip owó ọwọ́, iye tí mo pín fún àwọn tó ń palẹ̀ tábìlì mọ́. Tip oṣù kan tó bá ti tó $20, a gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ọ̀gá kó tó kọjá ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e. Ọ̀gá wa àtijọ́ a máa ní ká dákẹ́ lórí owó ọwọ́. N kò gbà. Tip tí a kò bá kà kò ní wọ inú $25,000 tí òfin ní ká lè yọ, kò sì ní wọ inú Social Security tá a máa jẹ lọ́jọ́ alẹ́. 18% tí ilé oúnjẹ ń lẹ̀ mọ́ bíìlì àwọn tó bá pọ̀ ní tábìlì kan, tí oníbàárà kò lè kọ̀, kì í ṣe tip lójú òfin yìí.

Ará Chicago:
Ẹ̀yin tọkọtaya, ẹ má ṣe kọ ìwé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́dún yìí láìṣírò o. Ẹni tó bá ti ní ìyàwó tàbí ọkọ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ kó tó lè yọ overtime tàbí tip. Èmi àti ìyàwó mi jọ kọ ọ́, torí àwa méjèèjì la ń ṣe overtime, iye overtime tó pọ̀ jù tá a lè yọ sì di $25,000. Ìparí ọdún 2028 ni yíyọ overtime àti tip yìí máa dópin, ẹ tọ́jú pay stub yín.